Abẹ́rẹ́ Kọ́ Ló Ń Tú Jẹjẹrẹ Ká

Èrò kan wà láàárín wa tó ti pẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó ń bi í ní ìbéèrè mọ́. Wọ́n ní bí kókó bá sọ lọ́mú obìnrin, tí dókítà bá fi abẹ́rẹ́ tàbí abẹ kàn án, àrùn tó sùn síbẹ̀ yóò jí, yóò sì tú ká gbogbo ara. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi irin kàn án o." Ìyá ọlọ́jà ń sọ ọ́, àgbà ìjọ ń sọ ọ́, ọmọ tó gboyè ní yunifásítì ń sọ ọ́ láti London lórí WhatsApp. Mo lòdì sí èrò yìí látòkè délẹ̀. Irọ́ ni, irọ́ náà sì ń gba ẹ̀mí.

Àwọn tó ń ṣe ìpolongo jẹjẹrẹ máa ń bá obìnrin sọ̀rọ̀ kó tó dé ilé ìwòsàn. Ẹ yẹ ọmú yín wò, ẹ tètè lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin ẹni ọdún 68 tó ti gbọ́, tó ti lọ, tí wọ́n ti mú ẹran díẹ̀ nínú kókó ọmú rẹ̀, tó sì ti padà sílé pẹ̀lú pílásítà lábẹ́ bùbá, ta ló kù tó ń bá a sọ̀rọ̀? Àwọn ará ilé ni. Ohun tí ará ilé bá gbà gbọ́ nípa abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n yóò fi tọ́jú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà pé abẹ́rẹ́ ti jí ikú, òkú ọ̀la ni wọ́n ń tọ́jú, kì í ṣe ìyá tó ní egbò kékeré láyà. Níbẹ̀ ni irọ́ yìí ti ń ṣọṣẹ́ jù, inú ilé, lẹ́yìn tí gbogbo ìpolongo ti parí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn díẹ̀. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Lyon nílẹ̀ Faransé, ṣírò pé lọ́dún 2020 nìkan, obìnrin tó lé ní 28,000 ni jẹjẹrẹ ọmú ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn lára wọn ní Nàìjíríà, àwọn tó lé ní 14,000 ló sì bá àrùn náà lọ lọ́dún yẹn. Ìdajì ni, bí a bá gbé iye kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ohun tó fà á pọ̀, owó wà níbẹ̀, ọ̀nà jíjìn wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó bàjẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀, òun nìkan sì ni èyí tí a lè mú kúrò lónìí láìná kọ́bọ̀.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an? Dókítà yóò nu ọmú mọ́, yóò gún abẹ́rẹ́ apara sí i kí ibẹ̀ kú tipiri. Yóò la ojú ihò tí kò ju mílímítà mélòó kan lọ, yóò ti abẹ́rẹ́ oníhò kan wọlé, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán ibi tí kókó wà hàn án. Abẹ́rẹ́ náà ní sípíríǹgì nínú, yóò dún "tá!", ìró yẹn sì máa ń já àwọn ìyá láyà ju ìrora rẹ̀ lọ. Ó lè dún tó ìgbà mẹ́ta sí mẹ́fà, torí ẹyọ ẹran kan kì í tó. Wọn yóò tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ dá, wọn yóò lẹ pílásítà mọ́ ọn, obìnrin náà yóò sì relé lọ́jọ́ náà. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ní láti fi abẹ gé tiwọn, tí wọ́n sì ń rán an. Ìyẹn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jinná. Àwọn ẹyọ ẹran kéékèèké yẹn yóò lọ sínú ìgò fọ́málìn, dókítà mìíràn yóò sì fi ẹ̀rọ awò wò wọ́n. Ìyẹn ni gbogbo irin tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ kan ọmú.

Láìsí ẹyọ ẹran yẹn, kò sí dókítà láyé tó lè fi ọwọ́ lásán mọ ohun tó wà nínú kókó. Ó lè jẹ́ àpò omi, ó lè jẹ́ ọ̀rá tó kú sínú ọmú lẹ́yìn ìfarapa, ó lè jẹ́ kókó tí kì í pa ènìyàn, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ní Amẹ́ríkà, nínú obìnrin márùn-ún tí wọ́n bá yẹ ẹran ọmú wọn wò, nǹkan bí mẹ́rin ni wọn kì í bá jẹjẹrẹ lára wọn. N kò ní fi ìyẹn tan ìyá ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí bí obìnrin bá ṣe ń dàgbà sí i ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ jẹjẹrẹ, lọ́dọ̀ wa níbí a sì máa ń pẹ́ ká tó lọ. Àmọ́ kò sí ìyá tó yẹ ká máa sunkún rẹ̀ kí èsì rẹ̀ tó jáde.

Mo mọ ibi tí èrò yìí ti wá, n kò sì ní fojú tín-ínrín àwọn tó gbà á gbọ́. Wọ́n ti sin òkú. Wọ́n rí obìnrin tó ń rìn, tó ń jẹun, tó ń jó níbi ìnáwó; wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lóṣù Kẹta, ó kú lóṣù Kẹwàá. Kí ni kí wọ́n rò? Ojú wọn ló ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka oṣù náà padà sẹ́yìn. Obìnrin yẹn ti fọwọ́ kan kókó náà níbi tó ti ń wẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú. Kò dùn ún, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ń tóbi, ó fi adín pa á. Nígbà tí adín kò ràn án, ó lọ gba àgbo. Nígbà tí àgbo kò ràn án, ó gbààwẹ̀. Ìgbà tí awọ ọmú ń fà wọnú, tí kókó mìíràn ti yọ ní abíyá, ni ọmọ rẹ̀ tó fi agídí gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kókó abíyá yẹn fi hàn pé àrùn náà ti rìn kúrò nínú ọmú. Abẹ́rẹ́ tó wọlé lóṣù Kẹta kò lè jẹ̀bi ohun tó ti dé abíyá lóṣù Kejìlá ọdún tó ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gún un, ẹ̀rù bà á, kò padà lọ gba èsì. Oṣù Kẹrin kọjá, oṣù Kẹfà kọjá, kò gba ìtọ́jú kankan. Oṣù Kẹjọ ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹni tó gbé àtùpà wọ yàrá, tó fi olè hàn wá nínú òkùnkùn, òun náà la wá dì mú pé òun ló jí ẹrù.

Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń sọ pé "lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló kú" dá mi lóhùn. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ wo? Oṣù mélòó ni kókó ti wà níbẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó dé, oṣù mélòó ló sì lò láìgba ìtọ́jú lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ fi ìdáhùn méjèèjì sí iwájú yín, ẹ ó rí ẹni tó pa á.

Àwọn tó kàwé láàárín wa ní àríyànjiyàn tó le ju ìyẹn lọ, ó sì yẹ kí n dojú kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn dókítà fúnra wọn ti rí i pé abẹ́rẹ́ lè fa èérún jẹjẹrẹ díẹ̀ sí ojú ọ̀nà tó gbà jáde. Òótọ́ ni, wọ́n rí i lábẹ́ ẹ̀rọ awò. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èérún náà ń kú síbẹ̀ ni, kí jẹjẹrẹ tún hù lójú ọ̀nà abẹ́rẹ́ sì ṣọ̀wọ́n gidigidi. Iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú onítànṣán tó ń tẹ̀ lé e máa ń kó agbègbè náà mọ́. Wọ́n ti tọpasẹ̀ àwọn obìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí ẹ̀rí pé àwọn tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ ń yára kú ju àwọn tí wọn kò gún lọ. Lọ́dún 2015, àwọn dókítà Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó lé ní 2,000 tó ní jẹjẹrẹ àmọ́ (pancreas), èyí tó burú ju ti ọmú lọ fíìfíì. Ẹ̀sùn yìí kan náà ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, pé ṣé abẹ́rẹ́ ń tan àrùn ká. Àwọn tí wọ́n gún kò kú yá ju àwọn yòókù. Wọ́n tilẹ̀ pẹ́ jù wọ́n lọ. Ọmú kì í ṣe àmọ́, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní abẹ́rẹ́ ń jí jẹjẹrẹ ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wọnú yàrá lọ bá ìyá náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń fi irọ́ yìí múlẹ̀ nínú ilé ni àmì dúdú. Abẹ́rẹ́ ti gún iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké nínú ọmú, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yóò sì tú sábẹ́ awọ. Lára ọ̀dọ́bìnrin ó lè má hàn rárá. Lára ìyá àgbàlagbà, awọ ti fẹ́lẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ ti gbẹgẹ́, ọmú sì ti rọ̀ wá sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó tú náà ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ bí gbogbo ohun ṣíṣàn ti ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì, ojú ibẹ̀ yóò dúdú kirikiri. Lọ́jọ́ kẹrin, dúdú náà lè ti sọ̀kalẹ̀ dé abẹ́ ọmú, tàbí kó fẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ìhà. Ọmọ rẹ̀ yóò tú bùbá wò, yóò kígbe pé: "Ó ti ń ràn! Àwọn ènìyàn sọ fún wa!" Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ náà máa ń dì pọ̀, tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án yóò bá kókó líle tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ọmọ kókó, wọ́n á ní kókó àkọ́kọ́ ti bímọ.

Ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ kì í rìn láti orí ọmú dé ìhà ní ọjọ́ mẹ́rin. Dúdú yẹn yóò máa ṣá díẹ̀díẹ̀, lára àgbàlagbà ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, pàápàá bó bá ń lo oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Kókó ẹ̀jẹ̀ dídì náà yóò máa rọ̀, yóò sì wọlé. Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá sọ èyí fún ìyá àti ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, bóyá ìdajì ìpayà tó ń ṣẹlẹ̀ nílé kò ní wáyé. Gbólóhùn méjì péré ni: "Ó máa dúdú o, ó sì lè sọ̀kalẹ̀. Ẹ má fòyà."

Ìpayà kì í jókòó lásán. Ó máa ń gbé omi kaná. Ilé tó bá gbà pé abẹ́rẹ́ ti jí àrùn yóò fẹ́ fi nǹkan tẹ̀ ẹ́ rì, omi gbígbóná ló sì máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Wọn yóò ki tówẹ́ẹ̀lì bọ omi tó ń hó, wọn yóò máa fi jó ọmú láàárọ̀ lálẹ́. Ooru ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti fẹ́ dá yóò sì tún máa tú. Dúdú yóò fẹ̀ sí i, wọn yóò sì fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí tuntun. Tútù ni ibẹ̀ ń fẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Píọ̀ wọ́tà tó ti dì nínú fìríìjì, tí wọ́n fi aṣọ mímọ́ wé, tí wọ́n gbé lé ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n gbé kúrò, tí wọ́n tún dá padà lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, ó tó. Kí wọ́n má gbé e lé awọ ní ìhòòhò, awọ àgbàlagbà kò gbà á.

Lẹ́yìn omi gbígbóná ni ìpara. Àbọ́níkì, adín, òrí, ewé gígún, òróró tí wọ́n gbàdúrà sí. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi òróró yàn án, iwájú orí wà níbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ wà níbẹ̀. Ojú ihò tí abẹ́rẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé kì í ṣe ibi tí à ń da ohunkóhun sí, nítorí ọ̀nà tààrà ni fún kòkòrò àrùn. Bí ìyá náà bá tún ní ìtọ̀ ṣúgà, egbò kékeré yẹn lè di èèwo tó ń ṣọyún. Nígbà náà, wọn yóò sọ pé jẹjẹrẹ ló bú jáde.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí oògùn ìrora, torí àwọn ìyá wa ní oògùn kan tí wọ́n fọkàn tán. Alábùkún ni. Jacob Ṣógbóyèga Odùlatẹ̀ ló gbé e jáde ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1918, kò sì sí ìyá àgbà tí kò mọ ìyẹ̀fun inú bébà yẹn. Fún orí fífọ́, ó ti ran ìran mẹ́rin lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n aspirin ni olórí ohun tó wà nínú rẹ̀, aspirin kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ìyá tó bá dà á lé ahọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gún ọmú rẹ̀ ń ké sí ẹ̀jẹ̀ kó máa tú sábẹ́ awọ ni. Ibuprofen náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Parasitamọ́ọ̀lù ni kó lò, bí dókítà kò bá ní ìdí láti fún un ní òmíràn. Mo sì gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: bí dókítà ọkàn bá ti fún un ní aspirin kékeré tí yóò máa lò lójoojúmọ́, tàbí oògùn mìíràn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Kí ó sọ fún àwọn tó fẹ́ gún un kí wọ́n tó gún un, kí wọ́n jọ pinnu.

Yàtọ̀ sí èyí, ìtọ́jú náà kò le. Kí ó wọ kọ́mú tó gbá ọmú mú dáadáa, tọ̀sán tòru, fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ọmú má máa fì. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa kì í wọ kọ́mú sùn, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní èyí tó bá wọn mu mọ́. Kí ọmọ rẹ̀ rà á kí wọ́n tó lọ. Ìró tí wọ́n so kókó rẹ̀ sórí àyà kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Orí egbò gan-an ni kókó ìró náà ń bà lé. Kí omi má kan pílásítà ní odindi ọjọ́ kan. Àwọn pílásítà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lójú egbò yóò ṣí fúnra wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹnikẹ́ni má fà wọ́n tu. Kí ó má gbé ohun tó wúwo fún ọjọ́ méjì, kí ó má gún iyán, kí ó má fa omi nínú kànga, kí ó má sì pọn ọmọ-ọmọ. Ọ̀já ọmọ yóò tẹ ojú egbò mọ́ àyà, ọmọ yóò sì máa fẹsẹ̀ gbá ìhà rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló ń gbé, kí ẹnì kan sùn tì í lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìṣí i wò. Bí kò bá dá, bí ọmú bá ń wú ní wàràwàrà, bí ara bá gbóná, bí ọyún bá yọ, bí mímí bá ṣòro fún un, ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọ̀la.

Irọ́ náà tún ń ṣe nǹkan mìíràn tí a kì í kà sí. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ náà di àṣírí. Nítorí tí gbogbo àdúgbò gbà pé ẹni tí irin bá kan ọmú rẹ̀ ti kú tán, ìyá kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé wọ́n ti gún òun. Nítorí náà ni yóò fi jí lọ́jọ́ kejì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Yóò gbé àpò gàrí torí pé ó máa ń gbé e. Yóò pọn ọmọ-ọmọ torí pé bí kò bá pọ̀n ọ́n, ìyàwó ọmọ yóò béèrè ìdí. Isinmi ọjọ́ méjì péré ni ara rẹ̀ ń fẹ́, kò sì rí i gbà, torí bó bá sinmi àwọn ènìyàn yóò mọ̀. Bí àṣírí bá sì wá tú, àwọn àlejò yóò dé. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Àlejò yóò jókòó lórí àga, yóò mi orí, yóò ka orúkọ gbogbo ẹni tí jẹjẹrẹ ti pa ní ìlú. Ó wá kí ìyá ni, ó fẹ́ràn rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìyá kò ní sùn lóru yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ yóò gòkè. Ó ń bí mi nínú gan-an, torí obìnrin tó ń dúró de èsì kò nílò ohun kan ju kí wọ́n jẹ́ kó mí lọ.

Èsì kì í yá lọ́dọ̀ wa. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ó lè jẹ́ mẹ́ta. Àárín àkókò yìí ni ọ̀pọ̀ ń sọnù. Ìwé èsì wà nínú dúrọ́ọ̀ ilé ìwòsàn, ẹni tó ni ín kò wá. Tàbí kí àwọn ọmọ lọ gbà á, kí wọ́n kà á, kí wọ́n ṣèpàdé lórí fóònù, Ìbàdàn, Houston, Manchester, kí wọ́n sì fẹnu kò pé Mọ́mì kò gbọ́dọ̀ gbọ́. "Bí wọ́n bá gbọ́, ìrònú ló máa pa wọ́n." Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọmọ. Obìnrin tó bí yín, tó sin ọkọ rẹ̀, tó fi òwò ẹ̀lùbọ́ rán yín níléèwé, ẹ ń sọ pé kò lè gbọ́ ohun tó wà nínú ara rẹ̀? Ó mọ̀ pé nǹkan wà. Ó rí bí ẹ ṣe ń bọ́ síta lọ gba ìpè. Ohun tí ẹ fi pamọ́ fún un kọ́ ni àrùn, ìdí tó fi yẹ kó gba ìtọ́jú ni. Ìgbà tí oògùn bá sì ń rẹ̀ ẹ́, tí irun ń já, tí kò mọ ohun tí ó ń torí rẹ̀ jìyà, yóò kọ̀ ọ́, kò sì ní jẹ̀bi.

Àwọn kan wà tí wọn kò sọ̀rọ̀ irin. Tiwọn ni pé ìyá ti dàgbà, kí ni à ń wá kiri, ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ jẹ ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù. Ó dún bí àánú. Àìmọ̀ ni. Jẹjẹrẹ ọmú tó ń mú obìnrin lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró sábà máa ń jẹ́ irú èyí tó ń jẹ láti ara họ́mọ̀nù estrogen, irú yìí sì ń gbọ́ oògùn oníhóró. Tamoxifen, letrozole, anastrozole, hóró kan lójúmọ́, gẹ́gẹ́ bó ti ń lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá ẹni ọdún 75 lè fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ayé lórí hóró yẹn. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò ran irú mìíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ wa tó kàwé ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di àgbà oníwádìí ní Yunifásítì Chicago, wà lára àwọn tó fi hàn pé irú tí kì í gbọ́ oògùn yìí pọ̀ lára àwọn obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju lára àwọn aláwọ̀ funfun lọ. A kò lè fi ojú méfò, nígbà náà. Ẹyọ ẹran inú ìgò fọ́málìn yẹn ló ń sọ èyí tí ìyá ní. Ẹni tó ní kí wọ́n má gún un ń gba hóró oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kàn án.

Ilé ìwòsàn ní ẹ̀bi tirẹ̀, n kò ní gbójú fò ó. Ní Britain, níbi tí wọ́n ti ń pe obìnrin láti ẹni ọdún 50 títí tí yóò fi pé 71 wá fún àyẹ̀wò ọmú ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, obìnrin tí wọ́n bá gún máa ń mú ìwé pélébé kan lọ sílé tó sọ ohun tí yóò ṣe àti nọ́ńbà tí yóò pè. Lọ́dọ̀ wa, ìyá máa ń kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú "Ẹ máa lọ, èsì ń bọ̀." Ta ni yóò bi ní ìbéèrè nírọ̀lẹ́? Ẹni tó bá wà nítòsí ni, ẹni náà sì ní ìtàn irin lẹ́nu. Bí dókítà bá dákẹ́, irọ́ ni yóò sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀. Ìwé kan lédè Yorùbá, ojú ewé kan péré tí a kọ gàdàgbà gàdàgbà fún ojú àgbàlagbà, tàbí ohùn nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí fóònù ọmọ rẹ̀ fún ẹni tí kò lè kà, kì í ṣe ohun tó ju agbára ilé ìwòsàn kankan lọ.

Betty Anyanwu-Akérédolú gbọ́ èsì tirẹ̀ lọ́dún 1997. Ó dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọmú, sílẹ̀, ó sì fi ohun tó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà ń sọ ọ́ ní gbangba pé jẹjẹrẹ ọmú mú òun, òun sì wà láàyè. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe ń mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni láìyẹ ẹran ara wò. Irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju bí a ti rò lọ, nínú ìjọ, nínú mọ́ṣáláṣí, ní ọjà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nítorí àṣírí tí mo ti sọ níṣàájú. Àwọn tó kú nìkan la ń rí kà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn tí ẹ sì ń ta ọjà yín lọ, ẹ la ẹnu. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ra kọ́mú, ẹ fi píọ̀ wọ́tà méjì sínú fìríìjì, ẹ gbé Alábùkún kúrò lórí tábìlì, ẹ gba ọmọ lẹ́yìn ìyá yín fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ kí i, ẹ gbé oúnjẹ lọ, ẹ má gbé ìtàn òkú lọ. Ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí èsì rẹ̀ yóò jáde, kí ẹ sì bá a lọ gbà á.